Àrùn Ni Kí Á Túmọ̀, Kì Í Ṣe Orúkọ Rẹ̀: Èrò Kan Lórí Kókó Ọlọ́pọ̀-Kóró Inú Egungun Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ ní í ro ọmọ. Bí a bá gba òwe méjèèjì yìí gbọ́ nípa ọmọ tí a bí, ó yẹ kí á gbà wọ́n gbọ́ nípa àrùn pẹ̀lú, nítorí pé orúkọ tí a bá pe àrùn ni aláìsàn yóò gbé lọ sílé, òun ni yóò sì fi pinnu bóyá òun yóò padà wá tàbí òun kò ní í padà. Ohun tí ó jẹ mí lógún nínú àròkọ yìí ni ẹ̀yà àrùn kan tí ó máa ń mú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, èyí tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fi sẹ́ẹ̀lì òmìrán sọ lórúkọ. Èrò mi ni pé bí a bá túmọ̀ orúkọ náà ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, àṣìṣe àwọn tí ó sọ ọ́ ni a ó tún ṣe, a ó sì fi tiwa kún un. Àrùn náà gan-an ni ó yẹ kí á túmọ̀.

N kò sọ èyí bí ẹni tí ó jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè nìkan. Ẹnu ara mi ni mo fi ṣe àṣìṣe tí mo ń wí.

Ìyá kan wà ní Àgọ́ Aláyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń ṣe oko kòkó. Ọmọbìnrin wọn, tí ó jẹ́ ẹni ọdún 16 nígbà náà, ní ìwú kan ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ iwájú. Kò dun ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó ń tóbi sí i. Ìyá rẹ̀ ti lo ewé sí i, ó ti ra oògùn eyín ní ọjà Ọ̀rẹ̀, ìwú náà kò lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, ó bẹ̀ mí pé kí n bá wọn lọ, nítorí pé olùkọ́ ni mí, mo sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà tí ó dá wa lóhùn nígbà tí a padà lọ gba èsì àyẹ̀wò kì í ṣe Yorùbá. Ó ṣàlàyé fún mi dáadáa pé àrùn náà kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé àwọn yóò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, lẹ́yìn èyí ni àwọn yóò fá ohun tí ó wà nínú egungun náà jáde, tí egungun yóò sì tún ara rẹ̀ ṣe.

Èmi wá túmọ̀. Mo ní, “Ìyá, wọ́n ní sẹ́ẹ̀lì òmìrán ni ó wà nínú egungun ọmọ yín. Wọn yóò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí wọ́n tó gé e.”

Ìyá náà wò mí títí. Ó ní, “Tíṣà, ṣé jẹjẹrẹ náà nìyẹn?”

Mo ní, “Ó fara jọ ọ́, Ìyá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, a sì padà sílé. Kò gbé ọmọ náà lọ mọ́. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu mi ni pé ohun òmìrán kan wà lẹ́nu ọmọ òun, pé ó jọ jẹjẹrẹ, àti pé wọ́n fẹ́ gé àgbọ̀n ọmọ náà kúrò. Ta ni yóò gbọ́ irú èyí tí yóò padà lọ? Lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí eyín mẹ́rin ti ń mì tí ọmọ náà kò lè jẹ ẹ̀bà mọ́ láìsí ìnira, ni wọ́n tó tún gbé e lọ. Fífá kò tó mọ́ nígbà náà. Wọ́n ní láti gé lára egungun. Ọmọ náà yè, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kò bá má gé ni wọ́n gé. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí. Ìyá náà kò mọ̀ pé èmi ni ó yẹ kí òun bá wí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi léèrè pé kí ni ó yẹ kí n ti sọ. Kí á tó lè dáhùn ìbéèrè yìí, a ní láti mọ ohun tí àrùn náà jẹ́.

Egungun kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ níbẹ̀, tí ó sì ń tún un mọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ni ó ń wó o, àwọn mìíràn ni ó ń mọ ọ́n. Àwọn tí ń wó o yìí kì í dá wà bí sẹ́ẹ̀lì yòókù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké ni ó máa ń para pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo, tí kóró olúkúlùkù wọn yóò sì wà nínú àpò kan náà. Ẹni tí ó bá ti la èso kòkó rí, tí ó rí bí kóró ti tò sínú rẹ̀, ti rí àwòrán ohun tí à ń wí. Nínú àrùn tí ó ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, irú àwọn sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pọ̀ kóró bẹ́ẹ̀ ni a máa ń rí káàkiri nígbà tí a bá fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹran inú ìwú náà. Nítorí pé wọ́n tóbi ju àwọn yòókù lọ, tí wọ́n sì tètè ń hàn sójú, àwọn ni wọ́n fi sọ àrùn náà lórúkọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àwọn ni olórí ọ̀ràn. Lábẹ́ wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí ó ní kóró kan ṣoṣo, tí ń bí sí i, tí ń rẹ̀ sí i. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń ránṣẹ́ pe àwọn awó-egungun. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ròyìn pé àwọn rí ìyípadà nínú jíìnì kókó inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, èyí tí wọ́n ń pè ní TRPV4, KRAS àti FGFR1. Bí a bá fi oko kòkó wé e, sẹ́ẹ̀lì ńlá náà dà bí alágbàṣe tí a rí tí ó ń fi àdá ṣánko kiri. Ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un jókòó sílé, a kò rí i. Bí a bá lé alágbàṣe lọ lónìí, olóko yóò pe òmíràn wá lọ́la. Orúkọ tí ó ń pe àkíyèsí sí títóbi sẹ́ẹ̀lì nìkan, alágbàṣe ni ó ń bá jà.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àṣìṣe wà nínú orúkọ náà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí á tọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀. Ní ọdún 1953 ni Henry Jaffe, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tí ó mọ̀ nípa àrùn egungun, ya kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára kókó onísẹ́ẹ̀lì ńlá tí ó máa ń mú egungun ẹsẹ̀ àti apá, pàápàá ní agbègbè orúnkún. Iṣẹ́ ńlá ni ó ṣe. Ṣùgbọ́n ó rò pé ara ni ó ń gbìyànjú láti tún egungun tí ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú rẹ̀ ṣe, ó sì fi ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí àtúnṣe kún orúkọ náà. Nígbà tí ó yá, àwọn dókítà rí i pé àrùn náà kì í tún egungun ṣe, ńṣe ni ó ń jẹ ẹ́. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ àtúnṣe kúrò. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ́kù, èyí tí wọ́n yá láti ara irú egbò tí ara máa ń fi ká kòkòrò àrùn mọ́ bí ti ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò bá a mu pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wọn lẹ́nu, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ọ̀mọ̀wé atúmọ̀ èdè tí ó bá wá jókòó ní òní, tí ó ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìṣù-egbò-àtúnṣe-onísẹ́ẹ̀lì-òmìrán, ohun tí àwọn tí ó ni orúkọ náà ti jù nù ni ó ń ṣà jọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ òmìrán fúnra rẹ̀. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò lè túmọ̀ sí ohun tí ó kàn tóbi. Nínú Yorùbá, òmìrán kì í ṣe ohun tí ó kàn tóbi. Inú àlọ́ ni òmìrán ń gbé, ó ń pa ènìyàn jẹ. Èmi ni mo gbé e wọ ẹnu ọmọ ẹni ọdún 16.

Orúkọ méjì mìíràn wà nínú ìdílé àrùn yìí tí mo fẹ́ kí ẹ wò. Èkíní ni èyí tí Gẹ̀ẹ́sì fi àwọ̀ pè. Nígbà tí wọ́n bá la irú kókó yìí, ó máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ pupa nítorí ẹ̀jẹ̀ àtijọ́ tí ó ti gbẹ sínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá túmọ̀ rẹ̀ sí kókó aláwọ̀ ilẹ̀, kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ohun tí ó ń fa àrùn yìí kò sí lẹ́nu rárá. Àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké wà ní ọrùn, lẹ́yìn gògóńgò, tí ó sábà máa ń jẹ́ mẹ́rin, tí ń da họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀. Họ́mónù yìí ni ó ń ṣàkóso kálísíọ́mù inú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ẹṣẹ́ náà bá wú tí ó ń da họ́mónù jù, tàbí bí kíndìnrín bá ti bàjẹ́ tí ó mú kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, wọn yóò máa pàṣẹ pé kí á fa kálísíọ́mù jáde láti inú egungun. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ lè wá ní ihò, kí ó sì wú.

Èyí ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ nípa ìdámọ̀ àrùn náà. Bí a bá fi awò wo kókó tí ẹṣẹ́ ọrùn fà àti kókó tí ó dá dúró nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan náà ni wọ́n ń rí. Awò kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ó lè yà wọ́n: a ó wọn kálísíọ́mù, a ó wọn fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, a ó sì wọn họ́mónù ẹṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ti ẹṣẹ́, tí a sì fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ láìtọ́jú ẹṣẹ́, àrùn yóò padà wá. Bí a bá tọ́jú ẹṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ san láìfi abẹ kàn án. Ìdí tí dókítà ọjọ́ náà fi fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò nìyí, èmi kò sì mọ̀. Mo rò pé ìlànà ilé ìwòsàn lásán ni, nítorí náà mo sọ ọ́ bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan.

Orúkọ kejì ni ti àwọn ọmọdé. Ní ọdún 1933, W. A. Jones kọ̀wé nípa ọmọ ìyá mẹ́ta tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú ní apá méjèèjì. Nítorí pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kún bọ̀tọ̀, tí ojú wọn sì dà bí ẹni pé ó ń wo òkè, wọ́n fi wọ́n wé àwọn kérúbù tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Yúróòpù máa ń yà sára ògiri ilé ìjọsìn, ọmọdé sísanra oníyẹ̀ẹ́. Láti ibẹ̀ ni orúkọ àrùn náà ti wá. Ní ọdún 2001 ni wọ́n rí i pé ìyípadà nínú jíìnì kan tí ń jẹ́ SH3BP2 ni ó ń fa púpọ̀ nínú rẹ̀, tí ó sì máa ń ti ara òbí dé ara ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbìyànjú láti túmọ̀ èyí ní ilẹ̀ wa. Ta ni Kérúbù lójú ọmọ Yorùbá? Kì í ṣe ọmọdé sísanra lára ògiri. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1925 láti ọwọ́ Mósè Orímọládé, ọmọ Ìkàrẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa yìí, àti Àbíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n. Aṣọ funfun ni, agogo àdúrà ni, ìran ni. Bí a bá sọ fún òbí kan ní Àgọ́ Aláyè tàbí ní Okìtìpupa pé ọmọ rẹ̀ ní àrùn Kérúbù, bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ náà, a ti bú u. Bí kò bá sì jẹ́ ọmọ ìjọ náà, yóò wá ìdí tí àwọn ẹ̀dá ọ̀run fi ń bá ọmọ òun jà. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn yìí máa ń rọ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ọmọ bá ti bàlágà. Nínú ọ̀pọ̀, ìtọ́jú tí ó dára jù ni pé kí á máa ṣọ́ ọ, kí á tọ́jú eyín, kí á má tètè yọ abẹ. Òbí tí orúkọ ti dẹ́rù bà kò lè ní sùúrù tí àrùn náà ń béèrè.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé ìbẹ̀rù kì í ṣe ohun búburú pátápátá. Ó tọ́. Kì í ṣe gbogbo ìwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni à á fi sùúrù wò. Ní ọdún 1958 ni Denis Burkitt tẹ ìwé jáde lórí jẹjẹrẹ kan tí ó rí lẹ́nu àwọn ọmọdé ní Uganda. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà ń ní in, àwọn dókítà Ìbàdàn sì ti tọ́jú púpọ̀ nínú wọn. Jẹjẹrẹ yẹn yára púpọ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ó ti lè ba ojú jẹ́. Ó ń gbọ́ oògùn, ṣùgbọ́n bí a bá tètè mú un ni. Kókó tí ó ti ara sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣẹ̀dá eyín wá náà wà, èyí tí ó wọ́pọ̀ púpọ̀ nínú ìwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ó ń dé ilé ìwòsàn wa. Kì í sábà tàn ká ara bí jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n fífá kì í sábà tó o. Gígé ni ó máa ń gbà. Nítorí náà, kì í ṣe pé mo fẹ́ kí á wá orúkọ tí yóò tu ènìyàn nínú. Orúkọ tí ó bá tu ènìyàn nínú lórí irọ́ burú ju èyí tí ó dẹ́rù bà á lọ. Ohun tí mo ń béèrè ni orúkọ tí ó ń ya àrùn kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kí ẹ̀rù lè wà níbi tí ó yẹ kí ó wà, kí sùúrù sì wà níbi tí ó yẹ.

Èyí kan ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú, bóyá ju ọ̀rọ̀-orúkọ lọ. Nínú iṣẹ́ túmọ̀túmọ̀, a máa ń lo ọdún púpọ̀ lórí orúkọ nǹkan, a sì máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀-ìṣe. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, gé. Dókítà lè ṣe ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àwa ògbufọ̀ ń fi gé pè. Ó lè mú díẹ̀ nínú ẹran kí ó lọ fi awò wò ó. Ìyẹn, bíbù ni. Ó lè la ibẹ̀ kí ó sì fi irin kó ohun tí ó wà nínú ihò egungun jáde, tí egungun fúnra rẹ̀ yóò sì dúró. Ìyẹn, fífá ni, bí a ti ń fá ìkòkò. Ó sì lè mú apá kan egungun kúrò pátápátá. Ìyẹn nìkan ni gígé. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kò sí èyí tí a ní láti ṣẹ̀dá. Èmi ni n kò lò wọ́n.

Ìtọ́jú àrùn náà kò sì mọ sórí abẹ. Ní ọdún 1986, Chuong àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó yẹ kí á pín kókó inú egungun yìí sí méjì: èyí tí ń rọra dàgbà, tí kì í dunni, àti èyí tí ń ṣe jàgídíjàgan, tí ń dunni, tí ń yára tóbi, tí ń jẹ gbòǹgbò eyín, tí ń dá egungun lu, tí ó sì máa ń padà wá lẹ́yìn tí a bá ti fá a. Fún èyí tí ń rọra dàgbà, fífá sábà máa ń tó, ṣùgbọ́n a ní láti máa padà lọ fún àyẹ̀wò fún ọdún mélòó kan. Fún oníjàgídíjàgan, àwọn kan ń gún abẹ́rẹ́ oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù sínú kókó náà. Àwọn kan ń lo họ́mónù kálísítónínì, èyí tí Harris kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1993. Oògùn tuntun kan náà wà, denosumab, tí ń dí ojú ọ̀nà iṣẹ́ tí à ń rán sí àwọn awó-egungun. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 fún kókó onísẹ́ẹ̀lì ńlá ti egungun ara, àwọn dókítà kan sì ti ń lò ó fún ti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní ewu tirẹ̀: bí ọmọ tí ń dàgbà bá dá a dúró, kálísíọ́mù ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sókè ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé oògùn yìí kò ṣeé ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni bí orúkọ àrùn bá ṣì ń sọ fún un pé òmìrán ni ó ń bá jà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti mọ̀ pé alágbàṣe wà, pé ẹni tí ń rán an níṣẹ́ wà, gbólóhùn kan ti tó: oògùn yìí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ tí wọ́n rán dé ọ̀dọ̀ alágbàṣe.

Kí ni kí á wá máa wí? Mo mú àbá wọ̀nyí wá fún àyẹ̀wò ẹ̀yin òǹkàwé. Kí á pe sẹ́ẹ̀lì náà ní sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pọ̀-kóró, nítorí pé kóró púpọ̀ ni ó yà á sọ́tọ̀, kì í ṣe títóbi. Kí á pe àrùn tí ó wà nínú egungun ní kókó ọlọ́pọ̀-kóró inú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí á sì pe èyí tí ó ń hù sórí erìgì nìkan, tí kò wọ inú egungun, ní kókó ọlọ́pọ̀-kóró orí erìgì. Kí á pe èyí tí họ́mónù fà ní kókó egungun ti ẹṣẹ́ ọrùn, kí orúkọ náà lè máa rán gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ ọ létí láti wo ọrùn àti ẹ̀jẹ̀. Kí á pe ti ọmọdé ní ẹ̀rẹ̀kẹ́-wíwú àjogúnbá. Kí bíbù díẹ̀ fún àyẹ̀wò máa jẹ́ ìbùwò. Kí kókó máa jẹ́ kókó, kí jẹjẹrẹ sì máa jẹ́ jẹjẹrẹ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èkíní pe èkejì. Kí olùkọ́ sì ṣọ́ ohùn orí ọ̀rọ̀ náà, ní pàtàkì ní agbègbè wa tí kòkó ti pọ̀ ju kókó lọ.

Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn méjì sí irú àbá bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé gígùn ni orúkọ wọ̀nyí gùn. Wọ́n gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti Gẹ̀ẹ́sì kò kúrú, ó sì jẹ́ pé èdè Gíríìkì àti Látìn ni wọ́n yá fi ṣe é, tí àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an kò gbọ́. Orúkọ gígùn tí ó yéni sàn ju kúkúrú tí ń pani. Èkejì ni pé kí á fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti wà, níwọ̀n ìgbà tí dókítà ti gbọ́ ọ. N kò kọ̀ kí á yá ọ̀rọ̀. Sẹ́ẹ̀lì, jíìnì, họ́mónù àti kálísíọ́mù, ayálò ni gbogbo wọn, mo sì lò wọ́n nínú àròkọ yìí láìtijú, nítorí pé kò sí ìbẹ̀rù kankan lára wọn, ilé ẹ̀kọ́ sì ti ń sọ wọ́n di tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó sọ pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò ṣeé fi Yorùbá kọ́, iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́pọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti dá wọn lóhùn. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá lè fi Yorùbá mọ bí ewé ti ń mí, ìyá rẹ̀ lè fi Yorùbá mọ ohun tí ó ń jẹ egungun.

Ohun kan ni ó kù, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ṣíṣẹ̀dá wa kì í sábà kúrò láàrin àwa tí a mọ̀wé. A ń jókòó yí tábìlì ká, a ń dìbò, a ń tẹ ìwé jáde. Mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á fi ìpele kan kún un. Kí á tó tẹ orúkọ àrùn kankan, kí á gbé e lọ bá àwọn tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó nìkan, ọmọ Oǹdó wà níbẹ̀, Ìkálẹ̀ wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà níbẹ̀, àwọn Yorùbá láti ìpínlẹ̀ mìíràn tí oko kòkó fà wá náà wà níbẹ̀. Kí á sọ orúkọ náà fún wọn, kí á sì béèrè ìbéèrè méjì péré: kí ni ẹ rò pé ó ń ṣe ẹni tí a bá sọ èyí fún? Kí ni ẹ ó ṣe bí ó bá jẹ́ ọmọ yín? Bí ìdáhùn wọn bá yàtọ̀ sí ohun tí dókítà ní lọ́kàn, orúkọ náà kò tíì pé. Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó dá sílẹ̀ wà ní ìlú Oǹdó, kò jìnnà sí wa. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn níbẹ̀ àti àwa tí ń kọ́ni ní èdè lè jọ ṣe iṣẹ́ yìí, láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ọmọbìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti dàgbà, ó sì ti ní ọmọ tirẹ̀. Mo rí i ní ọjà Ọ̀rẹ̀ ní àìpẹ́ yìí. Ó kí mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Tíṣà.” Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ ní apá kan nígbà tí ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sì tún ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà sọ fún un, bí ó ti yẹ kí n ti sọ ọ́: pé kókó ni, kì í ṣe jẹjẹrẹ, pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi mọ̀ bóyá ọrùn ni ó ti wá, pé fífá ni wọ́n fẹ́ fá a. Ó gbọ́ mi dé òpin.

Ó ní, “Ṣé ohun tí wọ́n wí nìyẹn?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

Ó ní, “À bá lọ.”